Ohun Tí Mo Sọ fún Ayédọ̀gbọ́n Kí Ó Tó Gùn Ún

Òkun o, Ayédọ̀gbọ́n.
Gbé ọwọ́ kúrò lára sikáfóòdù yẹn ná.
Wo ilẹ̀ kí o tó wòkè.

Òkúta Ọ̀gìdì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ gbọ̀ngàn yìí,
ṣùgbọ́n ilé ti dàgbà, símẹ́ńtì rẹ̀ ti ń sán.
Kòtò kan wà níbi tí àwọn akọrin máa ń jókòó:
bí táyà kan bá kó sí i,
gbogbo irin yìí yóò tẹríba láìkí ẹnikẹ́ni.
Pákó rèé, tẹ́ ẹ síbẹ̀.
Má fi àjákù búlọ́ọ̀kù wá a,
àjákù búlọ́ọ̀kù kì í pa àṣírí mọ́.

Na ẹsẹ̀ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ síta,
bí obìnrin tó fẹ́ gúnyán ṣe ń ya ẹsẹ̀
kó tó gbé ọmọ odó sókè.
Fi lẹ́fẹ́lì wò ó.
Ẹyinjú omi inú rẹ̀ kì í ṣojúsàájú;
bí kò bá dúró láàárín, àwa náà kò gùn.

Táyà mẹ́rin, bíréèkì mẹ́rin.
Tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dún kà!
Mẹ́ta kọ́.
Ẹyọ kan tó ṣẹ́kù yẹn ni ikú máa ń bá ṣọ̀rẹ́.

Inú ni kí o gbà gùn ún, má gba ẹ̀yìn bí ọ̀bọ.
Bí o bá dókè, pa ilẹ̀kùn pákó dé lẹ́yìn ara rẹ.
Irin ààbò méjì ni mo fẹ́ rí yí ọ ká,
ọ̀kan níwọ̀n ìbàdí, ọ̀kan níwọ̀n orúnkún,
àti pákó tẹ́ẹ́rẹ́ létí ẹsẹ̀ rẹ,
kí búrọ́ọ̀ṣì má baà já lu màmá tó ń gbálẹ̀.
Bí ọwọ́ rẹ kò bá tó igun àjà, má nà án,
má sì gbé àpótí lé pákó.
Sọ̀kalẹ̀. Ká tú bíréèkì, ká tì í, ká tún un há.

Mo mọ̀ pé Akọ̀wé Ọbajẹ́mù yóò dé láago mẹ́wàá.
Yóò wo aago, yóò wo àjà, yóò wò mí.
Yóò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù,
pé àwọn ará Àbújá ń bọ̀ wá ṣọdún.
Yóò ní, "Sọ̀kalẹ̀, gòkè, sọ̀kalẹ̀, kí ló dé?
Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó síbẹ̀, ká rọra tì í."

Ká rọra tì í.
Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọ́n sọ ní Kàbà,
lọ́jọ́ tí Ọ̀gá Médùpín wà lókè.
Ẹni mẹ́ta ló ń tì í, ẹ̀rín ń pa wọ́n.
Táyà kan kọ wáyà jẹnẹrétọ̀.
N kò gbọ́ igbe kankan.
Ọ̀dà funfun ni mo rí tó ń ṣàn bọ̀ wá bá mi,
lẹ́yìn náà, bàtà ọ̀gá mi, ẹyọ kan.

Ó wà láàyè. Ó ń ta káàdì fóònù nítòsí gáréèjì,
ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀
kí ojú ọ̀run tó mọ̀.
Lọ́dọọdún ni mo ń gbé iṣu lọ fún un.
Kò tíì bi mí léèrè rí
ta ló di irin náà mú lápá òsì.
Iṣu nìkan ló máa ń gbà, á ní kí n kí ará ilé.

Ọyẹ́ ti ń gba fèrèsé wọlé. Lọ́la, níta,
bí o bá rí i pé ewé gbígbẹ ń fò kọjá àjà,
a ò ní gùn, ì báà ṣe Akọ̀wé ló fẹ́ gùn.
A ó kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà iná gbà kọjá.

Ó yá. Ka bíréèkì fún mi.
Rárá, má fi ẹnu kà á.
Fi ẹsẹ̀ kà á.